Kí Wọ́n Tó Kọ́lé Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Yín

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ètò wa kan bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ sọ ní Accra

  

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìbò. Mo mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìbò ní Ghana, ohun tó máa ń wá sọ́kàn yín ni ààrẹ, NPP àti NDC, àsíá, orin, ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí lórí. Èmi kò bá ti ààrẹ wá lónìí. Ìbò tí mo bá wá kò ní àsíá, kò ní orin, ènìyàn kì í sì í pọ̀ lórí ìlà rẹ̀. Ìbò Assembly ni. Kí ó lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri.

Kò sí ẹni tó ń gbé Accra tí kò tíì rí ògiri yẹn. Ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán, tàbí ọgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tí wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sí i lára pé kí wọ́n dáṣẹ́ dúró, kí wọ́n mú pámíìtì wá. Ẹ ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kì í kà á mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń gbé inú ilé yẹn, wọ́n ń sá aṣọ sórí ọ̀dà pupa náà.

Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, ògiri kan wà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì alájà kan níbẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, kì í ṣe tìtorí wọn la ṣe pé jọ. Iṣẹ́ wọn gbòòrò, wọ́n ra ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wó o, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì alájà mẹ́rin pẹ̀lú ibi tí wọ́n á máa gbé ọkọ̀ sí. Inú wa dùn. Iṣẹ́ ń bọ̀, iná òpópónà ń bọ̀, ìyá mi tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́bàá títì ń ka iye àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa wá jẹun lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan a jí, a rí i pé ọgbà tuntun náà ti gun orí gọ́tà. Gọ́tà tó ń gbé omi gbogbo òkè àdúgbò wa lọ sísàlẹ̀, wọ́n ti fi kọnkéré bò ó, wọ́n kan fi páìpù tín-ín-rín kan sí i.

Àwọn ará Assembly wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi kò rọ́nà lọ, ó padà sọ́dọ̀ wa. Àpò ìrẹsì mẹ́ta ló bà jẹ́ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ibùsùn wa, ìwé mi, ẹ̀rọ amómitutù tí a kò tíì san owó rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ ló lọ.

Ìyá mi àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò wa nínú Assembly, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "assembly man". Mo tẹ̀lé wọn. Mo ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún nígbà yẹn, èmi ni mo sì ń túmọ̀ nítorí Yorùbá àti Haúsá ni ìyá mi gbọ́ jù. Ọkùnrin náà kò ṣe àyájù sí wa. Ó gbé àga fún wọn. Ó ní, "Mọ́mì, ìwé ilé yẹn ti kọjá kí n tó wọlé. Èmi kò sí níbẹ̀." Ó wá bi wọ́n pé, nínú agbo ilé yín, èèyàn mélòó ló jáde dìbò Assembly? Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. A jẹ́ àgbàlagbà mẹ́tàlélógún nínú agbo ilé wa, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ní káàdì. Ẹnì kan ṣoṣo ló dìbò, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ pé ó fẹ́ràn láti máa jáde.

Inú bí mi sí ìbéèrè yẹn nígbà náà. Ó dà bíi pé ó ń ti ẹ̀bi sí wa lọ́rùn. Títí dòní mo ṣì rò pé kò yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó sọ fún ẹni tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọjà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, òun gan-an ló gbé mi dé iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí.

Ó yá, ta ni ó ń pinnu pé kí ilé-iṣẹ́ kan fẹ ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí kó má fẹ̀ ẹ́? Òfin tó wà fún un ni òfin ètò ilẹ̀ ti ọdún 2016, Act 925. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní láti kó àwòrán ilé àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ètò ìlú ní Assembly ibi tí ilẹ̀ náà wà. Mo ní ibi tí ilẹ̀ náà wà, nítorí Accra tí a ń pè ní ìlú kan yìí, kì í ṣe Assembly kan ló ń ṣàkóso rẹ̀. AMA wà, ti La wà lọ́tọ̀, ti Adentan wà lọ́tọ̀, àwọn Ayawaso wà, àwọn Ga wà. Ẹ má lọ sí AMA lọ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé tó wà ní La.

Àwọn onímọ̀ yóò yẹ ìwé náà wò: àwọn oníṣẹ́ ilé, àwọn panápaná, àwọn tó ń mójú tó àyíká. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ètò ilẹ̀ ti Assembly ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Olórí Assembly, ẹni tí a ń pè ní méyọ̀ tàbí Chief Executive, ni alága ìgbìmọ̀ yẹn. Bí iṣẹ́ náà bá sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè yí àyíká padà, àwọn EPA ní òfin tiwọn: wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ará ìlú lè kà nípa rẹ̀, bí ará ìlú bá sì fárígá gidigidi, wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìpàdé gbangba kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn.

Ibi tí ẹ̀yin ti wọlé rèé o, ẹ fetí sí i. Ààrẹ ló ń yan méyọ̀. Ẹ̀yin kò dìbò fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbi ìbò Assembly, ṣebí Ààrẹ ló ń yan gbogbo wọn." Rárá o. Òfin-ìpìlẹ̀ Ghana ti ọdún 1992, abala 243, sọ pé ẹni tí Ààrẹ yàn kò lè jókòó sórí àga yẹn àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Assembly tó wá tí wọ́n sì dìbò bá gbà á. Abala 242 sì sọ pé àwọn tí Ààrẹ yàn sínú Assembly kò gbọ́dọ̀ ju 30 nínú 100 lọ. Àwọn yòókù tó ń dìbò níbẹ̀, ará àdúgbò ló dìbò yàn wọ́n. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ láti àdúgbò yín wà lára àwọn tó lè lé ẹni tí Ààrẹ mú wá padà sílé. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ibi ní Ghana yìí, tí wọ́n kọ ẹni tí Ààrẹ yàn, tí wọ́n sì ní kí ó mú ẹlòmíràn wá.

Wọn kò mọ sórí ìyẹn. Àwọn náà ló ń fọwọ́ sí iye tí Assembly yóò gbà lórí pámíìtì, iye owó ilé tí ilé-iṣẹ́ ńlá yóò máa san lọ́dọọdún, àti ibi tí wọ́n yóò ná an sí. Nígbà tí ẹ bá rí ọ́fíìsì onígíláàsì tó ń dán ní Airport City, ẹ má kàn wo gíláàsì. Ẹ bi ara yín pé èló ni ilé yẹn ń san fún Assembly, àti pé gọ́tà wo ni wọ́n fi tún ṣe.

Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Apple fẹ́ kọ́ ọgbà ọ́fíìsì tuntun ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cupertino, ní California, Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tó fẹ̀, ilé rìbìtì kan bí òrùka, òṣìṣẹ́ tó ju 12,000 lọ. Gbogbo ìlú náà kò ju nǹkan bí 60,000 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Steve Jobs, ọ̀gá àgbà Apple fúnra rẹ̀, tí àìsàn ti mú kó rù, dìde lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ kọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú. Ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún péré ni, ará ìlú ló dìbò yàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, èrè wo ni àwọn ará Cupertino yóò rí níbẹ̀, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́? Ó fèsì pé àwọn ń san owó orí, àti pé ìlú ló yẹ kó fi owó yẹn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣe ìwé ìwádìí ńlá lórí ọkọ̀, igi, omi àti ariwo, wọ́n gbé e síta ní ọdún 2013 kí ẹnikẹ́ni kà á kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Ìlú náà ti ní àdéhùn kan pẹ̀lú Apple tipẹ́, pé ìdajì nínú irú owó orí ọjà kan tó ń ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà wọlé, ìlú yóò dá a padà fún wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé tuntun yìí, wọ́n gé e wálẹ̀ sí 35 nínú 100. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, ọdún 2017 ni àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé. N kò sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀run o. Owó ilé ní agbègbè yẹn le débi pé olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì kì í lè gbé nítòsí ibi iṣẹ́ wọn, ọgbà Apple kò sì mú un dẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó jù lágbàáyé ní láti lọ dúró níwájú èèyàn márùn-ún tí aládùúgbò dìbò yàn, kí ó sì dúró dè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ mọ Trade Fair ní La. Ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1967 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ayàwòrán-ilé ará Poland méjì, Chyrosz àti Rymaszewski, ló ya á, lábẹ́ ọ̀gá àwọn ayàwòrán-ilé ìjọba nígbà náà, Vic Adegbite. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, kí ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ní kí ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kọ́ Accra. Ní ọdún 2020, katapílà wọ ibẹ̀, wọ́n wó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù àti gbọ̀ngàn ìpàtẹ ọjà tuntun. Àwọn oníṣòwò tó háyà ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kígbe pé àwọn kò rí àyè kó ẹrù àwọn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní àwọn ti kìlọ̀ fún wọn. Àwọn ará La náà ní tiwọn láti sọ nípa ilẹ̀ baba wọn. Èmi kò ní dájọ́. Mo kàn rí i pé nígbà tí katapílà bá ti dé ẹnu géètì, kò sí ẹni tó ń ka ìwé mọ́. Àsìkò láti sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí àwòrán ilé ṣì wà lórí tábìlì.

Pámíìtì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2012, ilé alájà kan tí ṣọ́ọ̀bù Melcom wà nínú rẹ̀ ní Achimota wó lulẹ̀ láàárọ̀. Ènìyàn 14 ló kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wà nínú wọn, ọ̀dọ́ bíi tiyín. Méyọ̀ Accra ìgbà náà jáde sọ pé ilé náà kò ní pámíìtì. Ẹ wò ó, lẹ́yìn tí ilé ti wó tán ni gbogbo ìlú tó mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015 ńkọ́? Omi kún Circle, àwọn ènìyàn sá wọ ilé epo kan lọ fara pamọ́ fún òjò, iná sì sọ. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú. Òjò ti ń rọ̀ ní Accra kí a tó bí bàbá ńlá wa. Àwa la di ojú omi.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà níbí tí wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé, ọmọ yìí ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà. "Ìlú onílùú ni, ẹ má dá sí i." Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. N kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 péré láti kúrò ní Ghana. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, tó ti wà ní Ghana láti ayé Gold Coast, fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Àwọn tó padà wá, wọ́n padà pẹ̀lú ẹ̀rù, wọ́n sì fi ẹ̀rù yẹn tọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, ọmọ Ghana ni yín. Accra New Town tí àwọn kan nínú yín ti wá, ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ngleshie Alata ní Jamestown wà lára àdúgbò méje tó di ìlú Ga mú. Alata ni àwọn Ga máa ń pè wá. A kì í ṣe àlejò àná.

Ó yẹ kí n là á yín níbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa kó sí ìjọ̀ngbọ̀n. Bíbí tí wọ́n bí ọ sí Accra nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Ghana. Bí bàbá rẹ tàbí ìyá rẹ, tàbí òbí wọn kan, bá jẹ́ ọmọ Ghana, o ti di ọmọ Ghana nìyẹn. Ẹlòmíràn gba ìwé ọmọ ìlú lọ́nà òfin. Tí o bá jẹ́ ọmọ Ghana, tí o sì ti pé ọdún 18, o lè forúkọ sílẹ̀. Tí o kò bá jẹ́ ọmọ Ghana, má forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan tì ọ́ sí i. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kì í ṣe ọmọ Ghana, ọ̀nà wà fún ẹ̀yin náà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2019, Act 989, fún yín láyè láti kọ̀wé sí Assembly pé kí wọ́n fi ìwé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín hàn yín. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi béèrè. Láàárín ọjọ́ 14 ló yẹ kí wọ́n fèsì.

Mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Èkíní, wọ́n ní wọn kò rí i. Èkejì, mo mú ẹ̀dà méjì lọ, mo ní kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí títí. Ó lù ú. Láti ọjọ́ náà, wọn kò rí èmi náà ní ẹni tí a lè sọ fún pé kó padà wá lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ o.

Ìbò Assembly máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n dì í kẹ́yìn, èyí tó ń bọ̀ yóò jẹ́ ọdún 2027. Ìwé méjì ni wọn yóò fún yín: ọ̀kan fún aṣojú àdúgbò, èkejì fún ìgbìmọ̀ kékeré tí a ń pè ní Unit Committee. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní orúkọ lórí ìwé náà, òfin kò gbà á láyè, nítorí náà ẹ kò ní lè tẹ̀ka sí àmì tí ẹ ti mọ̀. Ẹ ní láti mọ ènìyàn náà. Nílẹ̀ wa yìí ní ọdún 2015, nínú ẹni mẹ́wàá tó ní káàdì, nǹkan bí mẹ́ta ló jáde. Nítorí náà ìbò ogún tàbí ọgbọ̀n lè gbé ẹnì kan wọlé ní àdúgbò kan. Agbo ilé wa nìkan, àgbàlagbà mẹ́tàlélógún yẹn, ì bá ti tó.

Nígbà tí àwọn tó ń du ipò náà bá wá kí yín, wọn yóò bá yín sọ̀rọ̀ iná àti omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mìíràn. Ẹ ní, ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ níwájú yẹn, ǹjẹ́ o ti rí pámíìtì rẹ̀? Bí Ààrẹ bá mú ẹnì kan wá ní méyọ̀, kí lo máa bi í kí o tó dìbò fún un? Ìgbà wo lo máa padà wá sọ fún wa ohun tí ẹ pinnu? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, tó sì sọ pé òun máa lọ wádìí, tó wádìí, tó padà wá, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ lórí ahọ́n. Ẹni tó bá sì wọlé tó já yín kulẹ̀, òfin fún yín lágbára láti pè é padà: bí 25 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò yín bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ní láti dìbò lórí rẹ̀. Kò rọrùn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọdún 18, ẹ mú Ghana Card yín lọ sí ọ́fíìsì Electoral Commission ti agbègbè yín, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀. Tí orúkọ yín bá ti wà níbẹ̀, tí ẹ sì ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ẹ ń gbé báyìí. Gọ́tà ibi tí ẹ ń sùn ni ẹ fẹ́ dìbò lé lórí, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde.

Mo rí ọwọ́ kan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wọ búlúù, ẹ dìde kí a lè gbọ́ yín.